Ẹnu Ẹ̀rọ àti Ẹnu Páìpù

Àwa tí a dàgbà ní ilẹ̀ Ìbàràpá kò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré. Àwọn àgbà Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Ìdèrè kò tí ì gbàgbé ìyà tí sòbìà fi jẹ ènìyàn, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jẹ́rìí ní ọdún 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, omi tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan ní ọjọ́ ogbó wa, ó sì yẹ kí a sọ ọ́.

Aya wa ni ó kó owó èsúsú rẹ̀ jọ, tí ó fi mọ táńkì oníbíríkì sí ẹ̀yìnkùlé wa, tí ó sì kó ẹja epìyà sínú rẹ̀. Owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn wa ni ó ń retí níbẹ̀. Ó fi ètò omi lé wa lọ́wọ́, nítorí pé akọ̀wé ni wá. A ra ẹ̀rọ kékeré kan, irú èyí tí à ń rì sínú omi, kí ó máa ti omi gba inú àgbá òkúta wẹ́wẹ́ kí ó lè mọ́, kí omi náà sì máa já padà láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè bá a wọlé.

A fi rúlà wọn ẹnu ẹ̀rọ náà, ó jẹ́ mílímítà 33. A ṣírò rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní íǹṣì 1¼. Ní ìsọ̀ àwọn onípáìpù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ náà wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wá kí a wò ó." A rẹ́rìn-ín. Ṣé àwa kò mọ nọ́ńbà kà ni? A ra ti íǹṣì 1¼, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ó ń mì lẹ́nu ẹ̀rọ bí fìlà àgbà lórí ọmọdé.

Ìtìjú kò jẹ́ kí a padà. A wá páìpù ààbọ̀ íǹṣì kan tí ó wà nílẹ̀, a fi rọ́bà dì í mọ́ ẹ̀rọ. Omi jáde, ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ ọmọ ọwọ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, àwọn epìyà ti gbé ẹnu sójú omi, wọ́n ń mí gúlegúle. 19 ti kú. Ẹja àrọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ lójú omi kí ó sì yè. Epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

A gbé ẹ̀rọ náà tọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ. Ó ṣàlàyé fún wa pé orúkọ páìpù kì í ṣe ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu onílà yíyí tí a ń pè ní íǹṣì kan, nǹkan bí mílímítà 33 ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ti ààbọ̀ íǹṣì jẹ́ 21. Páìpù oníke mílímítà 32 ni ó bá ti íǹṣì kan mu.

Èkejì, ihò páìpù ààbọ̀ íǹṣì kì í ṣe ìdajì ti íǹṣì kan. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni. Bí a bá fẹ́ kí iye omi kan náà gba inú rẹ̀ kọjá, agbára tí ara páìpù ń jẹ yóò tó ìlọ́po 32. Gbogbo élíbò tí a bá fi kún un sì ń jẹ tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, lítà 3,000 ní wákàtí kan tí a kọ sára páálí ẹ̀rọ wa, ibi tí omi kò gòkè rárá ni ó wà fún. Bí omi ti ń gòkè ni ó ń dín kù. Ní gíga mítà 3 tí a kọ tẹ̀lé e, kò sí ìkán kan tí yóò jáde. Nítorí náà, a sọ ẹnu páìpù kalẹ̀ sí tòsí ojú omi.

Ní ọjọ́ náà, omi já bí ó ti yẹ, àwọn ẹja tí ó kù sì yè. Aya wa kò bá wa wí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí a bá ti ń lọ ra ohunkóhun, yóò béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ṣé ẹ gbé ẹ̀rọ dání?" Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.