Àwọn Méjì Ni, Mà

Ọjọ́ tí ilé-ìwé gba ìsinmi ni. Dánfó tó ń ti Mile 2 bọ̀ dúró ní Alákijà, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wọlé. Yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn ọmọ náà. Rèpọ́ọ̀tì káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò tíì jókòó dáadáa tó fi ṣí i.

"Ipò kẹta," ló wí, bí ẹni tí wọ́n dárúkọ owó ẹja fún. "Kẹta! Ẹni tó gbé fáàsì, ṣé orí méjì ló ní ni?"

Kò sí ẹni tó lọ sílé-ìwé ní Nàìjíríà tí wọn ò bi ní ìbéèrè yìí rí, àfi bó bá jẹ́ òun gan-an ló ń gbé fáàsì. A kì í dá a lóhùn. Ilẹ̀ là ń wò títí yóò fi kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí gbójú sókè, ó ní: "Àwọn méjì ni, mà. Wọ́n jọ gbé e ni. Kò sí sẹ́kọ́ńdì."

Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kọ̀ńdọ́ ní lọ́yà lọmọ yìí máa dà. Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ká káàdì náà sí mẹ́rin kó tó tì í sínú báàgì.

Òǹkọ̀wé yìí, tó jókòó lẹ́yìn wọn, bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Kò parí. Ó bá a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó bá a délé, ó sì bá a dúró nídìí ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ta ló gbé ipò kejì sá lọ? Bí ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn bá pàdánù máàkì ẹyọ kan, ìkẹta náà ni ọmọ Alákijà yóò ṣì ṣe. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá wá sílé-ìwé rárá, ìkejì ni ìbá ṣe, láìfi ojú ìwé kan kún èyí tó kà. Nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí káàdì yẹn, ẹyọ kan tí ìyá rẹ̀ kà sókè ni èyí tí agbára rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ tún ní àbùkù. Yorùbá tó ní olúkúlùkù ló yan orí tirẹ̀ nílé Àjàlá, pé orí kan ò jọ̀kan, òun náà ló dé ìdí rèpọ́ọ̀tì káàdì tó ní ẹyọ orí ni gbogbo wa ní, kí ló dé tí tìrẹ ò ṣe é? Àwa kan náà la ní Táyé, tó kọ́kọ́ jáde, ni àbúrò. Kẹ́hìndé tó dé gbẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ ìkómọ, a mọ̀ pé ẹni tó ṣáájú lè má jẹ́ àgbà. Kí ọmọ tó wọ JSS 1, a ti gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀, bí ibì kan bá wà tó yẹ kí wọ́n ti mọ ìwọ̀n nọ́ńbà, Festac, nítòsí Alákijà, nìyẹn. First Avenue wà níbẹ̀, Second Avenue wà, títí dé Seventh. 21 Road, 23 Road. Nítorí àjọ̀dún FESTAC '77, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìbò ni wọ́n fi pín àwọn ilé náà. Kò sẹ́ni tó ṣèdánwò fún un. Ẹni tí tirẹ̀ bọ́ sí Seventh Avenue kò torí ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ará First Avenue.

WAEC pàápàá, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, kì í kọ ọ́ sí èsì ọmọ pé ìkẹta ni. A1 títí dé F9 ni tiwọn: bí ogójì ọmọ bá yẹ fún A1, ogójì A1 ni. Káàdì ilé-ìwé ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo kíláàsì gba àádọ́rùn-ún ó lé, ẹnì kan ṣì máa ṣe lásìtì, wọ́n á sì nà án nílé.

Ohun tí ọ̀rọ̀ ipò ń fi ọmọ ṣe kò kéré. Lọ́dún 2023, ọmọbìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Anambra gbé èsì JAMB jáde tó ní máàkì 362 nínú 400. Wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀ káàkiri kí JAMB tó ní 249 ni ohun tó gbà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ gbé kalẹ̀ rí i pé òun ló tún èsì náà ṣe. JAMB ní kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò àwọn fún ọdún mẹ́ta. Ohun tí òǹkọ̀wé yìí kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ ni pé ẹni tó gba máàkì tó ga jù lódodo lọ́dún náà, 360 ló gbà. Irọ́ fi méjì ju òótọ́ lọ. Ẹni tó ní 249 lè rí ibi tí yóò gbà á wọlé. Kò sì sí Yunifásítì tó ní dandan kí ọmọ ṣáájú gbogbo Nàìjíríà kó tó wọlé.

Ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti fi Houston ṣe ilé, ìjọba ṣòfin lọ́dún 1997 pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé-ìwé rẹ̀ ti ní ààyè ní Yunifásítì ìjọba. Àwọn olùwádìí rí i lẹ́yìn náà pé àwọn ọmọ kan ń fi ilé-ìwé tó le sílẹ̀, wọ́n ń lọ síbi tí ìdíje kò ti pọ̀. Wọn ò fi nǹkan kan kún ọpọlọ ọmọ. Àwọn tí yóò jókòó tì í ni wọ́n pààrọ̀.

Ibẹ̀ ni bírò ti dúró lọ́wọ́ òǹkọ̀wé yìí.

Ẹnì kan wà tó máa ń jókòó tì í. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 ni, JSS 2, ní ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí Alákijà. Ọmọ Ígbò ni. Bàbá rẹ̀ ń ta sípẹ́ pátì. Láti JSS 1, òun ló ń gbé fáàsì, òǹkọ̀wé yìí ló ń tẹ̀ lé e. New General Mathematics ẹyọ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ní, tọ̀hún ló sì ni ín. Bí NEPA bá mú iná lọ, wọ́n á gbé àtùpà sórí àtẹ̀gùn fúláàtì, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ojú ìwé ọwọ́ òsì á wà lórí itan ọ̀kan, tọwọ́ ọ̀tún á wà lórí itan èkejì. Ọmọ Ígbò á ṣàlàyé áljẹ́bíráà títí yóò fi yé e, kò ní bínú. Òun náà á kọ́ ọ ní àmì ohùn: igba, igbá, ìgbà, igbà. Ọmọ náà sọ ọ́ dorin, re-re, re-mí, dò-dò, re-dò, a máa fi ìka lu àtẹ̀gùn sí i.

Ní táàmù kejì, ó gba máàkì tó ju ti ọmọ Yorùbá lọ nínú Yorùbá.

Bàbá òǹkọ̀wé yìí béèrè ìbéèrè orí méjì lọ́jọ́ náà, ó sì tún un béèrè. Lóru, ọmọbìnrin rẹ̀ kúnlẹ̀ ó gbàdúrà pé kí ibà mú ọ̀rẹ́ òun lọ́jọ́ ìdánwò Ìṣirò táàmù tó ń bọ̀. Ibà kékeré o, kì í ṣe èyí tó ń pani.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, a dìbò ààrẹ tí Abiola díje fún. Ní ọjọ́ 23, ìjọba Babangida fagi lé e. Nígbà tó fi di oṣù keje, táyà ti ń jóná ní títì Èkó, àwọn tí ogun abẹ́lé 1967 kò tíì kúrò lọ́kàn wọn sì ń kó ẹrù lọ sí ìlà-oòrùn. Àwọn Ígbò ní orúkọ tí wọ́n pe eré náà: Ọsọ Abiola. Ọ̀pọ̀ wọn padà wá nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ìdílé ọmọ yẹn kò padà. Àdúrà òru yẹn kọ́ ló fà á, òǹkọ̀wé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Kò mọ̀ ọ́n nígbà náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1993, ó gbé fáàsì. Bàbá rẹ̀ pa adìyẹ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ti ọkọ̀ Alákijà, ó lọ tú àpótí ìyá rẹ̀, ó sì tẹ́ káàdì méjì sórí tábìlì. Táàmù kejì JSS 2: ipò kejì, àròpín 82.6. Táàmù kìíní JSS 3: ipò kìíní, àròpín 77.1. Ó tún un wò. Ìṣirò ti já láti 88 sí 69. A lè ní iṣẹ́ JSS 3 le ju ti JSS 2 lọ, ó sì le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá náà wálẹ̀, Yorùbá tó ń sọ nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ní àmì ohùn mọ́.

Bàbá rẹ̀ ti kú, ìbá lọ dá a lóhùn. Nígbà tí òun ṣe ìkejì, orí méjì lòun ń lò, sà.

Lókè káàdì kọ̀ọ̀kan, àyè kan wà fún iye ọmọ inú kíláàsì. Olùkọ́ kọ 46 sí ti àkọ́kọ́. Ó kọ 43 sí èkejì. Nísàlẹ̀, bírò pupa kan náà ló fi kọ ọ́ pé ọmọ yìí ti tẹ̀ síwájú gan-an.