Sọ Ọ́ fún Mi ní Yorùbá

Láti ọdún 2000 ni àjọ OECD ti ń ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní PISA fún àwọn ọmọ ọdún 15. Ní 2022, nínú sáyẹ́ǹsì, Singapore gba 561, Britain gba 500, Amẹ́ríkà gba 499. Àwọn oníròyìn máa ń kà á bí ẹni ń ka èsì bọ́ọ̀lù. Èmi, ìbéèrè inú rẹ̀ ni mo lọ wò.

Ọ̀kan wà nínú ti 2015 tó dá lórí sísáré nínú ooru. Orí kọ̀ǹpútà ni ọmọ ti máa yí ooru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, àti bóyá ẹni tó ń sáré mu omi tàbí kò mu. Á wá wo bí onítọ̀hún ṣe ń làágùn, bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná sí i. Bí àwa oníkóòdù ṣe ń wá àṣìṣe náà nìyẹn: nǹkan kan ṣoṣo là ń yí lẹ́ẹ̀kan, ká lè mọ èyí tó fà á. Kò sí ohun tí ọmọ fẹ́ há sórí níbẹ̀.

Mo gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí ló dé tí ara fi ń gbóná jù bí ọ̀rinrin bá pọ̀? Kíá ló fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn: humidity, evaporation, gbogbo rẹ̀ pé.

"Ó dáa. Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́.

"Àǹtí, òógùn yẹn... kò lè lọ."

"Kò lè lọ síbo?"

"Sínú afẹ́fẹ́. Omi ti pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ó tún dákẹ́. "Háà! Bí aṣọ tí Màmá Ìbàdàn máa ń sá! Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, kíá ló máa ń gbẹ. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, rárá o."

Ọmọ lè sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńlá títí wọ́n á fi fún un ní máàkì. Yorùbá jákujàku tí èmi àti ẹ̀ ń sọ ò fún wa ní ibi ìsápamọ́ kankan. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, tòun ti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3 lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà pè mí. Ó ní kí ló dé tí omi inú àmù Màmá Ìbàdàn fi ń tutù láìsí fìríìjì? Mo ní kó wádìí ẹ̀. Ó ti gbé ìkòkò amọ̀ kékeré kan àti abọ́ ike kan sójú fèrèsé, ìwọ̀n omi kan náà ló wà nínú méjèèjì. Tẹmómítà ìyá ẹ̀ ló fi ń wò wọ́n.