Àlàfo Kékeré, Àṣìṣe Ńlá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa eèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ìwé ìdánwò ìṣirò kan ló jẹ́ kí òwe yìí yé mi.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí Ìdó-Èkìtì, olùkọ́ ìṣirò fi ọwọ́ kọ ìbéèrè rẹ̀: 2³ + 5. Nígbà tí ìwé náà dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, 3 kékeré tó yẹ kó wà ní èjìká 2 ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ìlà. Ìbéèrè di 23 + 5. Èmi, olùkọ́ Yorùbá, ni mo ń ṣọ́ ìdánwò lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó dà bíi pé nọ́ńbà yìí kò dúró dáadáa.” Mo dá a lóhùn pé, “Ohun tí o bá rí ni kí o ṣe.” Ẹni tó máàkì ìwé náà tẹ̀lé 13 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fa ìlà pupa sí gbogbo 28.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ìwé ìdánwò Yorùbá tèmi dé. Àmì ohùn ti ṣí kúrò lórí lẹ́tà, àwọn mìíràn ti sọnù pátápátá. Ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ di ọ̀kan náà. Mo pariwo. Àárín ariwo náà ni mo rántí ọmọbìnrin yẹn, ojú sì tì mí.

Àìsàn kan náà ló ń ṣe ìwé méjèèjì: àmì kò jókòó síbi tó yẹ. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, é ní ààyè tirẹ̀, ẹ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. A ní láti tẹ ẹ, kí a tó gbé àmì lé e lórí. Bí irú lẹ́tà tí a lò kò bá mọ̀ ọ́n gbé, àmì yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò náà jìyà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1977, Donald Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, rí i pé bí wọ́n ṣe fẹ́ tún ìwé òun tẹ̀ kò dára lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe TeX, ètò kọ̀ǹpútà tí ń to àmì ìṣirò sí ipò wọn. TeX mọ̀ pé àlàfo ẹ̀gbẹ́ = gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ti + lọ. Ó mọ̀ pé − nínú 5 − 3 ń fẹ́ ààyè lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n nínú −3, ó gbọ́dọ̀ fara mọ́ nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa fi ojú ara wa yẹ ìwé ìdánwò wò kí ó tó dé iwájú ọmọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí àmì kan kò bá dúró bó ṣe yẹ, ẹ nawọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ bá irú ìdáhùn tí mo fún ọmọ ọjọ́ náà pàdé.