Ọ́ìlì Ní Í Ṣáájú Eré

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ojoojúmọ́ ni à ń pa òwe yìí fún akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo ti rí ìdí rẹ̀ tí ó ṣe kedere jù.

Ní 1905 ni Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gba ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí ọgbọ́n tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní tọ́bò. Èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kan. Ọ̀pá irin kan so ó mọ́ abẹ̀bẹ̀ kejì tí ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kì í jẹ́ kí irin fara kan irin.

Owó yíyá ni ẹ̀gbọ́n mi fi tún tọ́bò ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n ti de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn ni ó fẹ́ gbéra.

“Ọ̀gá, ẹrù gààrí ń dúró dè mí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, sà. Bí ọ̀pá yìí bá gbẹ, gbèsè mìíràn lẹ máa jẹ.”

Mẹkáníìkì náà pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Ó ro ọ́ìlì sínú ihò tọ́bò, ó fi ìka yí ọ̀pá náà. Ó dí ọ̀nà dísù kí ẹ́ńjìnnì má tíì gbiná, ó sì ń yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọ́ìlì fi ṣàn dé páìpù tí ó ń gbà padà. Ìgbà náà ni ó tó tan án, tí ó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìtẹná, tí ó sì ń wò ó bóyá ó ń jò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tọ́bò tí a tún ṣe dà bí bàtà tuntun tí ń fi ìfarakanra mọ ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá tọ́bò kò gbọdọ̀ fara kan irin rárá; ọ́ìlì ni a ń dúró dè. Bákan náà, lẹ́yìn eré líle, a kì í pa ẹ́ńjìnnì lójijì, kí ooru má baà sun ọ́ìlì di èédú sára ọ̀pá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá tún sọ fún ọmọ pé kí ó fẹ̀sọ̀ ṣe é, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ń dúró dè fún un. Sùúrù tí ó mọ ìdí rẹ̀, iṣẹ́ ni.