Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: Apá Kejì Tó Yẹ Ká Wò

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni òtútù London? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Gbogbo wa níbí wà láàyè, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀, iná ń wá, ó ń lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti wá báyìí, fíìmù ni mo ń fi wò. Ọ̀rọ̀ fíìmù náà ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ lónìí.

Mo ka ibi tí o ti kọ ọ́ sí mi pé kò sí apá kejì tó dáa láyé yìí, pé owó ni gbogbo wọn ń wá. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá owó, n ò gbà pé gbogbo wọn ni. Jẹ́ kí n bá ọ jiyàn bí a ti máa ń ṣe nígbà tí a jọ wà níbí. Ohun tí mo dì mú nìyí: bí fíìmù àkọ́kọ́ bá jẹ gbèsè, apá kejì lẹ́tọ̀ọ́ láti wá san án. Bí kò bá jẹ gbèsè kankan, kí wọ́n jẹ́ ká sinmi.

Ká mú Aníkúlápó tó bí ọ nínú. Nígbà tí Kúnlé Afọláyan gbé ti àkọ́kọ́ jáde lórí Netflix lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ta ni kò wò ó? O rántí Sàró, ahunṣọ tó wọ Ọ̀yọ́ láìmọ ẹnì kan, tó wá lọ ń yan ayaba lálè. Wọ́n lù ú pa sínú igbó, ẹyẹ àkàlà jí i dìde, Arọ́lákẹ́ sì gba àdó tí ẹyẹ náà fi ṣe é. Bí Sàró ṣe di ẹni tó ń jí òkú nìyẹn. Ó ń gbowó, ó ń fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, títí agbára náà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí òun náà sì kú. O ní ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Àwọn òkú tó ti jí ńkọ́, Ìyá Ìbejì? Wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń ná ọjà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ wọn ti pé. Gbèsè tí mo ń wí nìyẹn, òun náà ni Aníkúlápó: Rise of the Spectre tó jáde lóṣù kẹta ọdún 2024 wá san. Ọ̀run ò gba Sàró wọlé, wọ́n ní àfi kó padà wá kó gbogbo ẹ̀mí tó jí dìde. Nígbà tí mo rí ibẹ̀, mo jókòó dáadáa. Ẹni tó ń ta ìyè lọ́jà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di agbẹ̀mí, àwọn tó sì fẹ́ gba ẹ̀mí wọn yìí kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá. Nínú gbogbo ìtàn àkúdàáyà tí wọ́n pa fún wa ní kékeré, n ò rántí èyí tó gba ọ̀nà yẹn.

Ibi tí mo ti wà lẹ́yìn rẹ ni pé wọ́n fà á gùn jù. Abala mẹ́fà ni, ọ̀rọ̀ ààfin, ọ̀rọ̀ Baṣọ̀run àti Aláàfin, sì gba eré náà mọ́ Sàró lọ́wọ́. Ọkùnrin náà á kúrò lójú wa títí a ó fi máa béèrè pé ibo ló wọlẹ̀ sí. Tó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó jí dìde ni mo máa jókòó sí. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ti kú, tí wọ́n jí i fún un, tó ti ń dá aṣọ fún un, tó ti ń wá ìyàwó fún un, kó wá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan kó bá Sàró níta. Odindi fíìmù wà nínú ìyẹn nìkan! Síbẹ̀, aṣọ inú rẹ̀, ilé inú rẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ, gbogbo rẹ̀ ló gbayì. Igbójàyè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, ni abúlé tí wọ́n ti ya eré náà wà, ó sì ti di ibi tí àwọn èèyàn ń lọ fi ojú lóúnjẹ. Bí o bá wálé, a ó jọ lọ.

Ọ̀rọ̀ owó tí o sọ, mo mọ orísun rẹ̀. Ìwọ náà rántí ayé kásẹ́ẹ̀tì. Fíìmù tí kò ju ẹyọ kan lọ, wọ́n á gé e sí méjì. Bí idà bá ti kù díẹ̀ kó bá ọrùn, orin á sọ, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n pé ká máa retí apá kejì. Fíìmù kan ni wọ́n tà fún wa lẹ́ẹ̀mejì yẹn, kò lórúkọ mìíràn. Ó dùn mí pé mo tún rí irú rẹ̀ nínú Líṣàbí. The Uprising jáde lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024, A Legend Is Born tẹ̀lé e lóṣù kìíní ọdún 2025. Látéèfù Adédiméjì ṣe Líṣàbí dé ojú àmì, n ò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ṣùgbọ́n ìtàn ọkùnrin Ẹ̀gbá tó fi àáró kó àwọn àgbẹ̀ jọ, tí wọ́n ń ro oko ara wọn títí tó fi di ọmọ ogun tó kọjú ìjà sí àwọn ìlàrí Aláàfin, ìtàn tó yẹ kó máa gbóná sí i ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n dá a dúró láàárín, ó tutù. Nígbà tí èkejì fi máa dé, ọmọ mi ti gbàgbé ẹni tí ó ń bá ta jà.

Fi èyí wé Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993. Apá mẹ́ta ni, n kò sì rántí pé ó sú ẹnikẹ́ni nílé wa. Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé tiwa, ni olóyè tó lọ́wọ́ nínú títa ilẹ̀ tí kò ṣeé tà, tí ikú wá ń dọdẹ rẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ikú kì í dúró síbì kan, nítorí náà ìtàn ọ̀hún gan-an ló ń béèrè ààyè.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá apá kejì lè dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, lọ wo Agogo Èèwọ̀. Ṣaworoidẹ ni gbogbo ayé ń dárúkọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Túndé Kèlání ló darí méjèèjì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ wọ́n. O rántí Lápité, Kọ́lá Oyèwọ̀ ló ṣe é, ọba Jógbò tó kọ̀ láti búra bí àwọn ọba ṣáájú rẹ̀ ti búra, tó ń jẹ́ kí wọ́n máa gé igi igbó ìlú tà nítorí owó. Ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà dé adé láìbúra, wọ́n lu ìlù, adé sì pa á. Ọdún 1999 ló jáde, ọdún tí ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá nílẹ̀ wa. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. A wò ó, a pàtẹ́wọ́, a ní ìkà ti kú, ó parí.

Kò parí rárá. Lọ́dún 2002, Kèlání àti Ìṣọ̀lá gbé Agogo Èèwọ̀ dé, ìbéèrè rẹ̀ sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: àwọn olóyè tó bá Lápité jẹun ńkọ́? Wọ́n ṣì jókòó sí ààfin. Wọ́n tún ń wá ọba tí á jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, Adébọ̀mì, ni wọ́n sì mú, wọ́n rò pé á gbọ́ tiwọn. Adébọ̀mì jọba tán, kò gbọ́ tẹnì kankan. Títí dé ibi tí wọ́n ti ní kí olúkúlùkù wá búra níwájú agogo, tí àwọn tó mọ ohun tí wọ́n jẹ ń wá ọ̀nà tí wọn ò fi ní fẹnu kàn án, ara mi ò balẹ̀. Nínú Ṣaworoidẹ, ẹnì kan ló burú, ìlù sì wà fún un. Nínú Agogo Èèwọ̀, ẹni tó burú pọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì mọ òwe. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí alágbádá gbàjọba ni wọ́n ti ń béèrè èyí, kó tó di pé àwa yòókù rí i pé ó yẹ ká béèrè. Mo tún wò ó láìpẹ́ yìí, àyà mi já, torí pé ó dà bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe é.

Nǹkan mìíràn tún wà tó dùn mọ́ mi: Kúnlé Afọláyan tí à ń jiyàn lé lórí yìí ló ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtà, ọmọ ọba, nínú Ṣaworoidẹ. Ọmọ Adé Love ni, ẹ̀jẹ̀ eré ti wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ohun tó rí níbẹ̀ wà lára ohun tó ń ná lónìí.

Ti Jenifa, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti ọdún 2008 ni Fúnkẹ́ Akíndélé ti ń gbé e bọ̀, Everybody Loves Jenifa tó jáde lóṣù kejìlá ọdún 2024 sì pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn fún un. Ṣùgbọ́n fíìmù àkọ́kọ́, tí ọmọ abúlé wọ yunifásítì, tí ó sì fẹ́ dà bí àwọn ọmọge tó bá níbẹ̀ títí ó fi ṣe ara rẹ̀ léṣe, ìbànújẹ́ wà nínú ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ̀rín ló kù nísinsìnyí. Àwọn ará Ìgbò náà ti gbìyànjú: Living in Bondage ti ọdún 1992, Ramsey Nouah darí apá tuntun rẹ̀ lọ́dún 2019, ó sì lo ọgbọ́n, ọmọ Andy, olú ẹ̀dá ìtàn ti àkọ́kọ́, ló fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀. Ohun tí bàbá ṣe, ọmọ ló ń bá fà á. Gbèsè tòótọ́ nìyẹn.

Wàyí o, àwọn tí wọ́n ń tún ṣe. O béèrè bóyá kí o wo House of Ga'a. Wò ó. Bọ́lánlé Austen-Peters ló darí rẹ̀, ọdún 2024 ló jáde. Àwa tí a ka Baṣọ̀run Gáà tí Alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí kọ (òun náà ló ṣe Ọ̀pálábà nínú Ṣaworoidẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere), a ti mọ bó ṣe máa parí: Aláàfin Abíọ́dún á borí, Gáà á ṣubú. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi hàn wá? Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ìtàn náà sẹ́nu ọmọ Gáà, Ọ̀yẹ́mẹ́kùn. Ọmọ ń wo bàbá tó ń di ẹranko lójú rẹ̀. Fẹ́mi Branch náà ò ṣeré, bó bá ti wọlé báyìí, gbogbo yàrá á dákẹ́. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí èdè náà jinlẹ̀ sí i, torí ẹni tó bá ti gbọ́ Yorùbá Fálétí rí, etí rẹ̀ ti bàjẹ́.

Èyí tí mo ń retí, tí n ò tíì rí, ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà míràn. Ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti di fíìmù lọ́wọ́ Bánkọ́lé Bello ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Túndé Kèlání náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2005. Nínú wọn, ìkà ni Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn. Ó bẹ́ ẹrú rẹ̀, Àdẹ̀tútù, lórí nítorí oyún, nígbẹ̀yìn ó sì gbé májèlé mu. Mo sunkún nítorí Àdẹ̀tútù, n kò ní í padà lẹ́yìn ẹkún yẹn, torí pé ẹrú ni wọ́n lóòótọ́, ìyà sì jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn Samuel Johnson sọ òmíràn mọ́ ọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀. Ọlọ́jà ńlá ni, ó ń fún àwọn jagunjagun Ìbàdàn ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn, nígbà tó ní àwìn ti tó, Ààrẹ Látòósà rọ̀ ọ́ lóyè lọ́dún 1874, wọ́n sì pa á lórí ibùsùn lóru, lọ́dún yẹn náà. Májèlé kọ́. Wọ́n ti gbé ère rẹ̀ dúró sí Challenge, mo ń gba ibẹ̀ kọjá, n kò sì tíì rí fíìmù tó gbé ẹrú tó jìyà lọ́wọ́ rẹ̀ àti obìnrin tí àwọn ọkùnrin jẹ ní gbèsè sójú kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tún fíìmù ṣe nílẹ̀ yìí, èyí ni kó ṣe. Èmi ni màá kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Fún àwọn ìbejì, bí mo ṣe rò ó nìyí. Bẹ̀rẹ̀ lórí Ṣaworoidẹ, kí o má jẹ́ kí wọ́n sáré ka Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀, dá a dúró nígbà tí Ọ̀pálábà bá ń sọ̀rọ̀, kí o ṣàlàyé fún wọn. Ẹ wo Agogo Èèwọ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ má jẹ́ kó tutù. Aníkúlápó lè dúró títí wọ́n á fi dàgbà díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ibùsùn pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá wò ó tán, kọ̀wé sí mi, kí o sọ olóyè tí Táyé kọ́kọ́ fura sí. Mo mọ̀ pé Kẹ́hìndé á ti bá a jiyàn.

Bá mi kí bàbá wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Bọ́lá.