Ìjà Kò Dọlà

Kí ilé tó bo gbogbo ilẹ̀ tí ó wà láàrin Adégbayì àti Alákìá, oko ni ibẹ̀. Bí òṣùpá bá yọ lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, àwa ọmọ abúlé a kó ara wa jọ sí orí iyanrìn tí àgbàrá òjò gbá sí ẹ̀bá ọ̀nà, ìjàkadì a sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ni yóò kọ́kọ́ jà, títí yóò fi kan àwọn géńdé. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: ẹ̀ṣẹ́ kò sí níbẹ̀, a kì í sì í géni jẹ. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti ṣubú nìyẹn, kò sí àròyé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí kò sí ẹni tí ó dá a rí ní gbogbo abúlé àdúgbò náà, láti Ẹgbẹ́dá títí dé apá Lágelú. Bí ó bá wọ ọjà, ọ̀nà a là fún un, àwọn onílù a sì máa kì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà tó láti mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ti di arúgbó tí ń fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn kí ó tó lè dìde lórí àpótí. Oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn ni ó ń bá wọn ro kí ó tó jẹun. Oríkì rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n a kì í fi oríkì se ọbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni bàbá mi ṣe máa ń pa òwe kan fún wa ní àpatúnpa: ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọni. Ìjàkadì àti ìwé, ọ̀tá ara wọn ni wọ́n nínú ilé wa. Ọjọ́ tí bàbá mi bá rí iyanrìn nínú irun mi, pàṣán ni yóò bá mi sọ̀rọ̀. Mo fi iyanrìn sílẹ̀, mo gba ìwé mú, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbàgbé bí a ti ń gbáni lẹ́sẹ̀ títí di òní.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wá bá mi nílé. Ó ní olùkọ́ eré ìdárayá wọn fẹ́ mú òun mọ́ àwọn tí yóò máa ja ìjàkadì fún ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bàbá òun kò gbà. Kí n jọ̀wọ́ bá òun bẹ̀ ẹ́. Òwe bàbá mi ni ó fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Ọmọ náà ti mọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kamaru Usman ńkọ́?"

N kò gbọ́ orúkọ náà rí. Mo ní kí ó jókòó kí ó ṣàlàyé, nígbà tí ó sì lọ tán, mo fúnra mi wádìí. Auchi ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni wọ́n ti bí Usman. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó lọ sí Texas ní Amẹ́ríkà. Kamarudeen ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Olùkọ́ ìjàkadì rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kò lè pe é, ni wọ́n bá sọ ọ́ di Marty. (Ẹ wo ọkùnrin tí ìjà yóò sọ lórúkọ: orúkọ rẹ̀ ni ìjà kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.) Ó lọ sí Yunifásítì Nebraska tí ó wà ní Kearney, ní ọdún 2010 ó sì gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìpele kejì, láàrin àwọn tí ìwọ̀n wọn jẹ́ nǹkan bí kílò 79.

Kì í ṣe pé ó borí ni ó yà mí lẹ́nu. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti borí! Ní ilẹ̀ yẹn, yunifásítì ní ń san owó oṣù olùkọ́ ìjàkadì, ó sì ń bá òmíràn nínú àwọn oníjàkadì san lára owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tí kò bá ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní bọ́ sí orí ẹní ìjà. Ohun tí bàbá mi yà sọ́tọ̀ bí omi àti epo, inú ìgò kan náà ni wọ́n rọ ọ́ sí.

Láti ibẹ̀ ni Usman ti bọ́ sí ìjà olówó, èyí tí ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2019 ó gba bẹ́líìtì UFC, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a bí ní Áfíríkà tí ó gba irú rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di oṣù kẹjọ ọdún 2022. Lọ́jọ́ náà, ó ku nǹkan tí kò tó ìṣẹ́jú kan kí ìjà parí nígbà tí Leon Edwards ta á nípàá lórí, tí ó sì ṣubú. Mo wo ìpá náà lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù ọmọ yìí, n kò fẹ́ wò ó mọ́.

Ẹni tí ó gbà mí lọ́kàn jù ni Daniel Igali, ọmọ Ijaw láti Eniwari ní Bayelsa. Ní ọdún 1994 òun ni balógun àwọn oníjàkadì Nàìjíríà tí wọ́n lọ sí ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Victoria ní Kánádà. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ wálé, ó dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí asásàálà. Ó wọ Yunifásítì Simon Fraser, ó ń kàwé, ó ń jà. Láti ọdún 1997 sí 1999, ìjà 116 ni ó jà tẹ̀lé ara wọn tí ẹnikẹ́ni kò fi borí rẹ̀. Ó gba ipò kìn-ín-ní ní gbogbo àgbáyé ní ọdún 1999, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì ní Sydney ní ọdún 2000. Ó tẹ́ àsíá sílẹ̀ lórí ẹní ìjà, ó sáré yí i ká, ó kúnlẹ̀, ó fi ẹnu kò ó. Àsíá Kánádà ni. Ẹni tí ó gbà á sílé ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò lè bínú sí i. Síbẹ̀, ó dùn mí.

Ṣùgbọ́n Igali padà. Ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí Eniwari, wọ́n dìbò yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Bayelsa ní ọdún 2011, ó sì di ààrẹ àjọ tí ń bójú tó ìjàkadì ní Nàìjíríà. Òun ni ó wà ní ipò náà ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí Blessing Oborududu, ọmọ Bayelsa bíi tirẹ̀, gba fàdákà ní Tokyo. Nàìjíríà kò gba irú àmì-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ nínú ìjàkadì Òlíńpíìkì rí. Ẹni tí ó borí rẹ̀ ní ìjà àṣekágbá, àmì 4 sí 1, ni Tamyra Mensah-Stock ti Amẹ́ríkà. Ọmọ Gánà ni bàbá tirẹ̀, Yunifásítì Wayland Baptist ní Texas ni òun náà ti jà. Ó ní nínú owó tí wọ́n fún òun, òun yóò mú 30,000 dọ́là ra ọkọ̀ tí ìyá òun yóò máa fi ta oúnjẹ. Ní ọdún 2023 ó bá ilé-iṣẹ́ WWE lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ìjàkadì ṣeré fún àwọn òǹwòran.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oúnjẹ yẹn ni mo gbé lọ bá àbúrò mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbàgbé ẹ̀yìn bàbá wa àgbà?" Mo ní n kò gbàgbé. Mo bi í pé ta ni ó wá bá bàbá náà ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ pé kí ó wá kàwé nítorí agbára rẹ̀. Kò dáhùn. A jókòó pẹ́ kí a tó fẹnu kò: ọmọ yóò máa jà, ṣùgbọ́n bí ó bá kùnà nínú ìṣirò ní ìparí sáà kankan, ìjà parí nìyẹn. Èmi ni yóò máa yẹ ìwé èsì rẹ̀ wò.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó gba ilé mi kọjá pẹ̀lú iyanrìn nínú irun, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò ní ẹní ìjà. Ó ní wọ́n ti gbá òun ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní bàbá òun sọ pé mo mọ bí a ti ń ṣe é, kí n wá fi han òun. Mo wo ìta, kò sí ẹni tí ń wò wá. Mo fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn, mo dìde.