Owó yín lẹ fi ra kọ̀ǹpútà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ lẹ ni

Téèyàn bá ra bàtà lọ́jà, tó bá wù ú kó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá wù ú kó wọ̀ ọ́ lọ sóko, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Bẹ́ẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà rí. Wọ́n á ní, "Ṣebí owó mi ni mo fi rà á, kí ló kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀?" Ó kan ẹnìkan o, ilé ẹjọ́ sì ti dá sí i.

Ọkùnrin kan wà ní Command, l'Alímọ̀ṣọ́, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹnjiníà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. HP àti Dell tòkunbọ̀ tí wọ́n ń rà wá láti Computer Village n'Ìkẹjà ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ tó ń ya fídíò ìgbéyàwó máa ń wá bá a. Mac ni wọ́n fẹ́ lò, ṣùgbọ́n owó Mac gan-an ò sí lọ́wọ́ wọn. "Ẹnjiníà, ẹ ṣáà bá mi gbé ti Mac sórí HP yìí." Á bá wọn ṣe é, wọ́n á sanwó iṣẹ́, ó parí. Hackintosh làwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é: ètò tí iléeṣẹ́ Apple ṣe láti máa darí kọ̀ǹpútà tiwọn, táwọn kan wá fọgbọ́n gbé sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ fídíò wá bá a. "Ẹnjiníà, ẹ bá mi ṣe mẹ́wàá, mo fẹ́ máa tà á fáwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Tó bá lọ dáadáa, ẹ ó ṣe ogún sí i. A máa gbé pátákó síwájú ṣọ́ọ̀bù." Èrè tó wà nídìí ẹ̀ tó owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan. Ẹnjiníà ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n rò ó." Ó sì yẹ kó rò ó, torí àwọn kan ti ta irú ọjà yìí rí, ojú wọn sì rí tó.

Ní 2008, iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Psystar, ní Florida l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í to kọ̀ǹpútà fúnra wọn, wọ́n ń gbé Mac OS X sórí ẹ̀, wọ́n sì ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Kẹ́ ẹ má rò pé wọn ò sanwó o. Wọ́n ń ra páálí Mac OS X lọ́jà, wọ́n sì ń fi sínú ẹrù oníbàárà. Apple gbé wọn lọ sí kóòtù lóṣù keje ọdún náà. Psystar ní àwọn ti ra nǹkan àwọn, kí ló tún kù?

Adájọ́ William Alsup, ní California, dá wọn lóhùn lóṣù kọkànlá, ọdún 2009. Ó ní ẹ̀dà tó wà nínú páálí kọ́ ló wà lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà. Ẹ̀dà kan ni wọ́n ṣe, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n wá ń dà á sórí gbogbo ẹ̀rọ. Wọ́n ṣe ẹ̀dà láìgbàṣẹ, wọ́n tà á láìgbàṣẹ, wọ́n tún yí iṣẹ́ oníṣẹ́ padà. Yàtọ̀ síyẹn, Apple ti fi àgádágodo sínú ètò náà kó má baà ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹlòmíì, Psystar sì já a. Kóòtù ní kí wọ́n ṣíwọ́. Wọ́n pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n tún pàdánù lóṣù kẹsàn-án, ọdún 2011. Àwọn adájọ́ ní Apple ò ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe ètò tiẹ̀, tòun ni ò fẹ́ kí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ ẹlòmíì.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Ike tó wà nínú páálí lẹ rà, iṣẹ́ tó wà nínú ike ṣì jẹ́ tẹni tó ṣe é. Àṣẹ láti lò ó ni wọ́n tà fún yín, àṣẹ ọ̀hún sì níbi tó mọ. Ó dà bí ìgbà téèyàn gba ilé l'Ékòó. Ẹ ti sanwó, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, àmọ́ tí ìwé àdéhùn bá ní ilé gbígbé ni, ẹ ò lè sọ pálọ̀ di ilé búrẹ́dì.

Àwọn kan á ní Amẹ́ríkà nìyẹn, Command kọ́. Lóòótọ́, ìgbà kan wà tí òfin wa ní ihò. Nígbà tí Microsoft bá Franike Associates ṣẹjọ́ nílẹ̀ yìí, Microsoft ló fìdí rẹmi ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, torí wọn ò fi hàn pé òfin Nàìjíríà ìgbà náà dáàbò bo iṣẹ́ tó wá láti Amẹ́ríkà. Àmọ́ lóṣù kẹta, ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun, Copyright Act 2022. Òfin yìí dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà, ó dáàbò bo iṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú àdéhùn kan náà pẹ̀lú wa, ó sì fòfin de jíjá àgádágodo orí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ẹni tó gbé e sórí ẹ̀rọ ara ẹ̀ náà ti ré àdéhùn kọjá, ká má parọ́. Àmọ́ ẹni tó bá gbé pátákó síta pé òun ń tà á, ìyẹn ti fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìwé ẹ̀rí fún lọ́yà Apple.

Nǹkan mìíì tún wà níbẹ̀. Láti 2020 ni Apple ti ń fi èèkan Intel sílẹ̀, tí wọ́n ń lo ti ara wọn. Wọ́n sì ti sọ pé macOS Tahoe, tó jáde ní 2025, ló máa kẹ́yìn fún Mac oní-Intel. Ọmọ tó bá ra Hackintosh báyìí, ọjà tó ń kógbá sílé ló rà.

Ẹnjiníà sọ fún ọ̀gá náà pé, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò ní lè ta ìyẹn. Àmọ́ mo lè bá yín gbé Linux sórí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá." Inú ọ̀gá ò dùn, ó ní òun á wá ẹlòmíì.

Kí àwọn tó ń lo Windows má rẹ́rìn-ín o. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni ò sì kúnjú ìwọ̀n fún Windows 11. Àwọn kan ń fipá gbé e sí i. Ìyẹn ò rí bíi ti Apple. Ohun tí Microsoft sọ ni pé àwọn ò dámọ̀ràn ẹ̀, àwọn ò sì ṣèlérí pé àtúnṣe á máa wọlé. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni láísẹ́ǹsì. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n jí ni, olè ni, ì báà jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó jáde lánàá.

Linux ni kò ní wàhálà kankan. Láti 1991 tí Linus Torvalds ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ti di ohun téèyàn lè gbé sórí ẹ̀rọ tó bá wù ú, kó sì tà á tòun tẹ̀rọ. Kdenlive, tí wọ́n fi ń gé fídíò, ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó fún Ẹnjiníà tiyín, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: ta ló ni ohun tó o fẹ́ gbé sí i yìí, ṣé ẹni náà sì gbà kó wà níbẹ̀? Tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín.